Ihò Ọta Lára Láńdírófà Sajẹ́ńtì Zakariyya

Ojú ọkọ mi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tó jẹ́. Àpá tó gba orí ìpéǹpéjú òsì kọjá, sípánà ló dá a síbẹ̀. Eyín iwájú tí kò sí mọ́, ẹ̀ṣẹ́ ló mú un lọ. Ìka kan tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló fi gbá ẹlòmíràn lẹ́nu. Nítorí ọkọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mìíràn ń jà nítorí obìnrin, òmíràn ń jà nítorí ilẹ̀. Àkíbù tèmi ń jà nítorí pé ẹnì kan pe Láńdírófà ní ohun tí kì í ṣe.

Sẹ̀gilọlá ni orúkọ tèmi. Mò ń ta ọ̀dà ọkọ̀, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò ara irin, àti sánpépà ní Oríta-mẹ́rin, ibẹ̀ náà ni a ti mọra. Ó wá ra sánpépà, ó ní ayédèrú ni mo tà fún òun, a bú ara wa dáadáa, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì. Lójú rẹ̀, Bàbá Waliyat ni mò ń pè é, mi ò sì jẹ́ fojú di í. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni mo jókòó láti kọ síbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Panẹ́bítà ni ní Bẹyẹrúnká. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, kì í tún ọkọ̀ mìíràn ṣe ju èyí tí wọ́n bá ṣe gbàǹjo rẹ̀ ní bárékè. Inú egungun ọkọ̀ ṣọ́jà ni Àkíbù dàgbà sí. Lónìí, bí ẹnì kan bá fẹ́ ra ọkọ̀ ológun àtijọ́, ìbáà ṣe olówó tó fẹ́ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sílé, ìbáà ṣe àwọn tó ń ya fíìmù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè: ṣé ọkọ̀ yìí lọ sógun lóòótọ́, àbí ọkọ̀ oko kan ni wọ́n kun ní àwọ̀ ewé? Àkíbù á dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, á fi abẹ bó ọ̀dà rẹ̀ ní ìpele-ìpele, á wá nọ́ńbà tó wà lára irin. Nígbà tó bá jáde, ohun tó bá rí ló máa sọ, ì báà dùn mọ́ ẹni tó pè é, ì báà má dùn.

Ó ti sọ ọ́ níbi tí kò yẹ kó ti sọ ọ́. Ọkùnrin kan wà ní Bẹẹrẹ tó ń fi ẹ̀rọ lu ihò sára jíìpù, tó ń sọ fún oníbàárà pé ọta ló lù ú lójú ogun. Àkíbù dúró láàárín ọjà, ó ń pariwo pé ọta kì í lu irin báyìí. Ó ní ńṣe ni ọta máa ń ya irin, etí ihò náà á sì ká síta síbi tí ọta ń lọ. Ó ní ihò tiyín yìí mọ́ bí ihò bọ́tìnnì, olè ni yín! Ọkùnrin náà gbé sípánà. Ibẹ̀ ni àpá ojú ti wá. Àkíbù náà fi èèkù òòlù fọ́ ọ léegun èjìká, mo sì lo ọjọ́ méjì ní tésàn tí mò ń bẹ gbogbo ẹni tó wọ aṣọ dúdú. Mo bá a jà nígbà tí a délé. Ó ní ṣé kí òun máa wo irọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ máa wò ó, ṣé ojú lẹ fi ń jẹun ni?

Ṣùgbọ́n ti Ilé Ajíbọ́wọ̀n ní Oníyanrìn ló ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Tẹniọlá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ta ìkòkò àti abọ́ l'Ọ́jà'ba, ó sì ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ. Fọ́tò kan ló mú dání. Ọkùnrin ṣọ́jà kan dúró nínú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé Láńdírófà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá òun nìyẹn, Sajẹ́ńtì Zakariyya, awakọ̀ ológun, tó kú sí ogun abẹ́lé nígbà tí òun ṣì wà lẹ́yìn ìyá òun.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Zakariyya ní àbúrò kan, Làmídì, tí wọ́n jọ wà nínú ogun náà. Zakariyya ń wakọ̀, Làmídì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú ọkọ̀ náà nígbà tí ọta kan jáde láti inú igbó níwájú, tó fọ́ gíláàsì, tó sì bá Zakariyya láyà. Wọ́n sin ín síbẹ̀. Làmídì ló padà wálé wá ròyìn.

Àwọn àgbà ilé ní kí Làmídì ṣú ìyá Tẹniọlá lópó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà. Ìyá yìí, Mutmainnah, kọ̀. Ẹ mọ̀ pé bí ẹnì kan bá kú sí ìdálẹ̀ nílẹ̀ wa, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n máa ń gé wá sílé láti sin, kí ará ilé lè mọ̀ pé ó ti dé. Làmídì kò mú irun wá, kò mú èékánná wá. Mutmainnah ní, nígbà náà, ọkọ òun kò tíì kú, òun kò sì ní fẹ́ ẹnì kankan. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbá a létí. Kò gbà.

Nígbà tí ogun parí, Làmídì lọ ra Láńdírófà náà nínú gbàǹjo, ó fi okùn wọ́ ọ wá sí Oníyanrìn. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ dúdú sórí àga awakọ̀. Mutmainnah fọwọ́ kan àga yìí, ó sì ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n tú àga náà, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àfáà kan bínú kúrò níbẹ̀, ó ní òun kò lè kírun sí àga lára. Òmíràn gbà. Bí wọ́n ṣe sin Sajẹ́ńtì Zakariyya nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Mutmainnah gbà fún Làmídì, ó sì bí Muhydeen fún un. Làmídì fúnra rẹ̀ ló tún ọkọ̀ náà ṣe, ó kùn ún, ó sì ń wà á títí tó fi kú. Nígbà tí Làmídì náà kú, ẹ̀gbẹ́ àga yẹn ni wọ́n sin ín sí, wọ́n sì lẹ táìlì sórí tirẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Màmá Mutmainnah á gbá ojú sàréè méjèèjì, wọ́n á sì nu Láńdírófà náà.

Muhydeen ló ń fa wàhálà báyìí. Ó fẹ́ gbé Láńdírófà kúrò, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ó ní ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ ogun rárá. Ó ní bàbá òun kàn ra ọkọ̀ kan ni láti fi tu Màmá nínú. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé nínú fọ́tò, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wà, ọkọ̀ tó wà nílé yìí, ọwọ́ òsì ni tirẹ̀ wà. Òun àti Tẹniọlá, ọmọ ìyá kan náà, ti jà títí wọ́n fi fa aṣọ ya mọ́ra wọn lára. Ni àwọn àgbà ilé bá ní kí wọ́n pe Àkíbù: bó bá ní òótọ́ ni, ọkọ̀ dúró síbẹ̀ láéláé, bó bá ní irọ́ ni, kí Muhydeen máa wọ́ ọ lọ.

Mo ní kó má lọ. Ó ti ń kó abẹ àti sánpépà sínú àpò. Mo bá tẹ̀ lé e, nítorí ibikíbi tí ọkùnrin yìí bá ti fẹ́ sọ òótọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó máa gbé e dìde nílẹ̀.

Òwúrọ̀ Sátidé ni. Kí a tó dé, ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Muhydeen ti kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá láti gáréèjì, wọ́n ti fi ṣéènì kọ́ iwájú Láńdírófà. Tẹniọlá jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní orí òun ni wọ́n máa wọ́ kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà fà á ní ẹsẹ̀, ó ṣubú, orí rẹ̀ sì gbá bọ́ńpà. Ẹ̀jẹ̀ dà sí ojú rẹ̀. Ó dìde, ó gbé bíríkì, ó sọ ọ́, ó bá ọkùnrin náà ní orúnkún, a sì gbọ́ bó ṣe ró. Màmá Mutmainnah jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pariwo pé kí àwọn ọmọ àwọn má pa ara wọn.

"Ẹ tú ṣéènì yẹn!" Àkíbù ló sọ bẹ́ẹ̀. Àìbẹ̀rù rẹ̀ ló mú kí wọ́n tú u.

Ó béèrè fọ́tò. Nọ́ńbà funfun kan wà lára bọ́ńpà inú fọ́tò náà. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi àti sánpépà bó ọ̀dà. Pupa kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà búlúù tí wọ́n fi kùn ún nígbà kan, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé ṣọ́jà. Lórí àwọ̀ ewé yìí ni nọ́ńbà náà ti yọ jáde, bó ṣe wà nínú fọ́tò gẹ́lẹ́. Àwọn obìnrin ilé hó yèè. Màmá fọwọ́ bo ẹnu.

"Wọ́n lè kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀ tó bá wù wọ́n," Muhydeen ní. "Sítíárìn ńkọ́? Sítíárìn ńkọ́, bàbá?"

"Sùúrù," Àkíbù dá a lóhùn. "Òsì ọ̀nà ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà nígbà ogun yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn sì máa ń wà. Ẹ̀yìn ogun ni ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbé sítíárìn bọ́ sí òsì nígbà yẹn. Bí wọ́n bá gbé e, ojú àpá rẹ̀ ò ní lọ."

Ó wọnú ọkọ̀, ó lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, níbi irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ẹ́ńjìnì. Pọ́tì tó nípọn ni wọ́n rẹ́ síbẹ̀, wọ́n sì fi páànù kékeré kan bò ó. Ó fi òòlù gbá páànù náà, ó fò. Ihò ńlá tí ọ̀pá sítíárìn ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀ hàn kedere. Gbogbo ilé pariwo. Màmá dìde lórí àpótí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní, "Làmídì ò parọ́ fún mi! Ọkọ̀ Zakariyya ni!"

Èmi nìkan ni mò ń wo ọkọ mi. Kò jáde. Ihò kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá yẹn, lábẹ́ páànù kan náà. Ó ti ìka bọ̀ ọ́. Ó fọwọ́ pa etí rẹ̀ yí ká. Lẹ́yìn náà ó wo ìlẹ̀kùn ọ̀tún, tó jẹ́ ti awakọ̀ nígbà náà, ó ṣí i, ó tún wo ibẹ̀ pẹ́. Iṣan ọrùn rẹ̀ dìde. Mo mọ iṣan yẹn bí mo ṣe mọ ohùn ọmọ mi.

Mo sáré lọ síbẹ̀. "Bàbá Waliyat, ẹ ti dá wọn lóhùn ohun tí wọ́n bi yín. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ó wò mí. Ó mi orí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, à bá ti lọ. Ṣùgbọ́n Muhydeen kò mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn panu mọ́. Ó na ìka sí i lójú.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló pè yín wá! Òpùrọ́ ni yín! Ẹ̀rín ni bàbá mi máa rín nínú sàréè, torí ó mọ̀ pé òun ló hùmọ̀ ìtàn ọkọ̀ yìí!" Ó tutọ́, itọ́ náà sì bà sí àyà ọkọ mi.

"Èmi lòpùrọ́?" Ohùn Àkíbù lọ sókè débi pé àwọn ará òde yọjú wọlé. "Bàbá ẹ lòpùrọ́! Ó ní iwájú lọta ti wá. Wá wo ihò! Etí irin ká sí ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì. Láti inú ọkọ̀ lọta ti jáde. Ẹ̀yìn awakọ̀ lẹni tó yìnbọn wà!"

Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n là á yé òun. Gbogbo ọmọ ilé yẹn ni wọ́n ti pa ìtàn náà fún láti kékeré: àwọn méjì péré ló wà nínú ọkọ̀, Làmídì nìkan ló sì wà lẹ́yìn. Òun náà ló rẹ́ pọ́tì, òun náà ló kan páànù mọ́ ọn. Mo rí i lójú Tẹniọlá bó ṣe ń wọlé sí i.

Muhydeen gbé ṣéènì.

Èyí àkọ́kọ́ bá ọkọ mi lẹ́yìn, ó tẹ̀ síwájú. Ìkejì bá a lójú. Àwọn ará gáréèjì dà bò ó, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a níkùn, wọ́n ń tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀kan ń fi igi lù ú níhà. Mo fò mọ́ ẹni tó wà nítòsí mi, mo gé e jẹ létí títí mo fi mọ adùn ẹ̀jẹ̀. Ẹnì kan fi ìgbọ̀nwọ́ fọ́ mi nímú. Tẹniọlá ti rí igi kan, ó ń lu gbogbo ẹ̀yìn tó bá rí. Mo ń gbọ́ ọkọ mi lábẹ́ wọn. Ṣé ẹ mọ ohun tí aṣiwèrè yìí ń sọ? Ó ń sọ pé, "Ẹ wo ihò. Ẹ wo ihò."

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Màmá Mutmainnah ni. Mi ò mọ̀ pé irú ohùn yẹn ṣì lè wà nínú arúgbó. Muhydeen dá ṣéènì dúró lókè.

Màmá kúnlẹ̀ ti ọkọ mi. Ojú rẹ̀ kan ti wú dí, ètè rẹ̀ ti là. Wọ́n bi í léèrè jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà. "Bàbá panẹ́bítà. Ṣé ọkọ mi mọ̀? Àbí ó kú láìmọ ẹni tó pa á?"

Mo wo Àkíbù. Mo mọ̀ pé ó lè sọ pé kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré, ara obìnrin yẹn ì bá sì balẹ̀ díẹ̀. Èmi ì bá ti sọ ọ́ kí ó tó béèrè tán.

"Ó mọ̀, Màmá," ọkọ mi ní. "Ìbọn méjì ni. Ìkejì bá etí ìlẹ̀kùn rẹ̀, apá tó máa ń pamọ́ bí ìlẹ̀kùn bá wà ní títì. Ìlẹ̀kùn ti ṣí nígbà tọ́ta bà á. Ó ti ń gbìyànjú láti sá."

Títí di òní, mo ṣì ń bínú sí i nítorí ìdáhùn yẹn. Ó ní kí ni òun ì bá sọ. Mo ní ohunkóhun. Mo ní èèyàn ló bi yín léèrè, kì í ṣe ọkọ̀.

Màmá dìde. Wọ́n wọ ilé ìdáná lọ, wọ́n gbé ọmọ odó jáde. Kò sí ẹni tó gbìyànjú láti dá wọn dúró, ó dà bíi pé a ò mọ ohun tí à ń rí. Wọ́n lọ sí orí sàréè Làmídì, wọ́n gbé ọmọ odó sókè, wọ́n sì fi fọ́ táìlì. Wọ́n tún gbé e. Àfọ́kù ń fò bá wa lẹ́sẹ̀. "Mo sè fún ẹ," wọ́n ń wí. "Mo fọṣọ ẹ. Mo bímọ fún ẹ. Mo nu ọkọ̀ tí o pa á sí." Wọ́n ń fọ́ ọ lọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

"Màmá! Màmá, bàbá mi ni!" Muhydeen ju ṣéènì nù. Ó sáré, ó dojú bolẹ̀ sórí sàréè náà, ó na apá méjèèjì bò ó. "Ẹ má fọ́ bàbá mi. Ọmọ yín ni mí!"

Ọmọ odó wà lókè. Màmá wo ẹ̀yìn orí ọmọ wọn, ọkùnrin gìrìwò tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Mo rò pé wọ́n máa gbé e sílẹ̀.

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Apá ọ̀tún ló bá, a sì gbọ́ egungun. Igbe tí Muhydeen ké, mi ò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láyé. Màmá ju ọmọ odó sọnù, ẹsẹ̀ wọn yẹ̀, wọ́n jókòó sí àárín àfọ́kù táìlì. Wọ́n fa apá tó kán náà sórí itan, wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi dì í.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n ń wí. "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí bàbá ẹ sinmi. Pẹ̀lẹ́. Kí iná má kú lórí ẹ̀. Pẹ̀lẹ́, rọra." Wọ́n ń wí méjèèjì pọ̀ ní ohùn kan náà, wọ́n sì ń so gèlè náà le.